Bí Onírúurú Abúlé Ṣe Di Aiyétòrò

Ẹ̀yin ọmọ Ìlàjẹ nílé àti lẹ́yìn odi, kò sí ẹni tí a bí sí Aiyétòrò ṣáájú ọdún 1947. Láti onírúurú abúlé wa ni àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù kan ti ṣí wá tẹ̀dó sí etí òkun, nítorí inúnibíni tí ìgbàgbọ́ wọn fà. Zacchaeus Òkénlá ni ọba wọn àkọ́kọ́.

Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá kó jọ sábẹ́ Olúmọ ní 1830, ìlú kọ̀ọ̀kan di orúkọ àti oyè tirẹ̀ mú. Ti Aiyétòrò kò rí bẹ́ẹ̀: fún nǹkan bí 20 ọdún, àpò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń kó owó iṣẹ́ wọn sí. Wọ́n fi pákó ṣe ọ̀nà lórí ẹrẹ̀. Wọ́n sì jùmọ̀ gbẹ́ ipa odò fún ọkọ̀ wọn.

Lónìí, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé wọn lọ. Bí olúkúlùkù bá sá padà sí abúlé baba rẹ̀, Aiyétòrò tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣí pa pọ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti jọ dé, ìlú kò tán, nítorí ìfohùnṣọ̀kan ni ó dá a sílẹ̀. Bí a bá ń wá ilẹ̀ fún wọn, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ojú kan ṣoṣo.