"Ìyàwó Mi": Ọ̀rọ̀ Ìkẹ́, Ẹ̀tọ́ Ìpè àti Àbọ̀ Tí Kò Sí

Láti ìgbà tí Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí ti gbé ìwé The Invention of Women jáde ní 1997, bí ẹnikẹ́ni bá fi ẹ̀sùn ìtẹ́nbẹ́lú obìnrin kan ọ̀rọ̀ Yorùbá kan, èsì tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ gbà ni pé èdè náà kì í fi akọ tàbí abo to ènìyàn: ó kan náà ni a ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kò sọ ẹni tó jẹ́ akọ, ọkọ àti ìyàwó pàápàá, gẹ́gẹ́ bí Oyěwùmí ti tò ó, kò ju ọmọ onílé àti ẹni tó tipa ìgbéyàwó wọlé lọ. Èsì yìí lágbára, àpilẹ̀kọ yìí kò sì ní gbìyànjú láti wó o lulẹ̀ pátápátá. Ohun tí yóò jiyàn lé lórí ni pé ìbéèrè kan ni wọ́n bi èsì náà, òmíràn ni ó ń dáhùn. Wọ́n bi í nípa bí a ṣe ń pe obìnrin, òun sì ń sọ nípa ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí.

Ọ̀rọ̀ ìkẹ́ níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fi ń pe ẹlòmíràn dípò orúkọ rẹ̀, tí ó gbé ìfẹ́, ìsúnmọ́ra tàbí ìpọ́nlé dání, yálà ẹni tó pè é ní ìfẹ́ náà lọ́kàn tàbí kò ní. Ìyàwó mi, olólùfẹ́, sisí mi, ọmọge, bébì, Àdùkẹ́ tí a fi pe ẹni tí kì í ṣe Àdùkẹ́, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Nessa Wolfson àti Joan Manes ti jiyàn nínú iṣẹ́ kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1980 pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nígbà tí òǹtajà bá sọ ọ́ sí obìnrin tí kò mọ̀ rí, ń sọ obìnrin náà di ẹni tí kò tíì gbọ́n tó láti dá ọjà rà. Àwọn tí wọ́n gbé èrò yìí wá sórí èdè Yorùbá láìyẹ̀ ẹ́ wò gbà pé òkè ni ọ̀rọ̀ ìkẹ́ ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé nínú agboolé mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, a ó sì padà sórí ọ̀rọ̀ náà láìpẹ́. Oyètádé, nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìpeni Yorùbá ní 1995, súnmọ́ òtítọ́ jù wọ́n lọ nígbà tí ó fi hàn pé láàárín Yorùbá, ìsúnmọ́ra kò fi dandan túmọ̀ sí ìdọ́gba. Ṣùgbọ́n kò lo ìmọ̀ náà láti yanjú ọ̀ràn obìnrin, bóyá nítorí pé kì í ṣe ohun tí ó jókòó láti ṣe nìyẹn.

Ìyàtọ̀ tí gbogbo àríyànjiyàn yìí rọ̀ mọ́ ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìtọ́ka àti ìpè. Ìtọ́ka ni kí á fi ọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ẹnì kan. Ìpè ni kí á fi ọ̀rọ̀ náà kàn án lójú. Bí ènìyàn bá ní "ìyàwó Àlàbí ti dé", ìtọ́ka ni, ọ̀rọ̀ náà sì lè jẹ́ òtítọ́ tàbí irọ́. Bí ó bá yíjú sí obìnrin kan, tí ó ní "ìyàwó mi, ẹ káàbọ̀", ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé gbé sórí òṣùwọ̀n òtítọ́ àti irọ́ mọ́, nítorí pé kò ròyìn nǹkan kan. Ó ṣe nǹkan kan. Ó pín ipò fún ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń retí pé kí ẹni tí a pè jẹ́ ipò tí a pín fún un. Ìdí nìyí tí àlàyé pé ìyàwó "kò túmọ̀ sí" abo kò fi lè dá ẹnikẹ́ni láre fún bí ó ṣe ń pe ènìyàn. Ìtumọ̀ wà lọ́wọ́ èdè, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ àtipè wà lọ́wọ́ àwọn tó ń sọ ọ́.

Ìpè pàápàá kì í ṣe ẹyọ kan. Nínú àṣà tí ìkíni kì í wà láìní ìdáhùn, tí a sì ń bínú sí ẹni tí a kí tí kò jẹ́ni lóhùn, ó yẹ kí a fi àbọ̀ wọn ìpè, ìyẹn èsì tí ẹni tí a pè lè dá padà láìjẹ gbèsè. Àwọn ìpè kan wà tí àbọ̀ wọn dọ́gba pẹ̀lú àlọ wọn: ọ̀rẹ́ mi, tí ọ̀rẹ́ fi ń pe ọ̀rẹ́, àti kọ́sítọ́mà, tí ó ya àjèjì lẹ́nu pé ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà jọ fi ń pe ara wọn ni. Ìpè alábọ̀ ni kí á pe ìwọ̀nyí. Àwọn mìíràn dà bí obì gbànja, wọ́n ní awẹ́ méjì, bí awẹ́ kan bá sì wà lọ́wọ́ ẹni tó pè, èkejì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí a pè: ẹ̀gbọ́n mi ní àbúrò mi, ìyá mi ní ọmọ mi. Awẹ́ méjèèjì kò dọ́gba, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó sọnù. Ìpè aláwẹ́-méjì nìyẹn. Ẹ̀yà kẹta ni ìpè aláìlábọ̀, èyí tí ó jẹ́ pé ohunkóhun tí ẹni tí a pè bá fi dáhùn, àdánù ni yóò já sí fún un. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń sọ ni pé ẹ̀yà kẹta yìí ni ibùgbé ìtẹ́nbẹ́lú, ohun yòówù kí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí nínú ìwé atúmọ̀-èdè, àti pé ọ̀rọ̀ kan náà lè jẹ́ aláwẹ́-méjì nílé kí ó sì di aláìlábọ̀ lóde.

Nínú agboolé, "ìyàwó mi" ní awẹ́ rẹ̀ kejì, "ọkọ mi". Ẹ̀gbọ́n ọkọ, àbúrò ọkọ, ọmọdé tí ìyàwó bá nílé, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, ọkọ ni gbogbo wọn. Kò tán síbẹ̀. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé tí ó bá nílé lórúkọ, nítorí náà ó ní láti wá orúkọ tirẹ̀ fún un, orúkọ wọ̀nyí ni ó sì yẹ kí ẹni tó ń ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ ìkẹ́ kọ́kọ́ tò jọ: Eyínfúnjowó fún ẹni tí eyín rẹ̀ funfun, Adúmáadán fún ẹni tó dúdú tó ń dán, Àgùntáṣọọ́lò fún ẹni tó ga, Ìbàdíàrán, Ajíṣafẹ́, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Akọ̀wé fún ọmọ tó ń lọ sílé-ìwé. Ọ̀rọ̀ ìkẹ́ gidi ni ìwọ̀nyí, tí ojú tó ríran àti etí tó mọ èdè jọ ṣe, ìsàlẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gòkè. Obìnrin tó ti tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún lè máa fi Eyínfúnjowó pe ọmọ ọdún mẹ́wàá. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé kí á fi ọ̀rọ̀ dídùn pe ènìyàn ni kí á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kò mọ ohun tó ń lọ nínú ilé Yorùbá. Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ dídùn ni owó ibodè tí ẹni tó ń wọlé ń san.

Ẹ̀rí yìí dà bí ẹni pé ó gbe Oyěwùmí, ó sì gbè é dé ibì kan, nítorí pé ọmọbìnrin ilé náà ń gba owó ibodè yìí bí ọmọkùnrin ṣe ń gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọkùnrin tó lọ gbé ní ilé àwọn àna rẹ̀. Àjèjì ni níbẹ̀, ó sì ń dọ̀bálẹ̀ fún àwọn tó bá nílé. Síbẹ̀ àna ni wọ́n ń pè é, kò sí ọmọdé kan tí yóò sọ fún un pé "ìyàwó mi, ẹ kú iṣẹ́". Bí ìyàwó bá jẹ́ àjèjì inú ilé lásán, kí ló dé tí ọ̀rọ̀ náà kò fi bá àjèjì yìí mu? Oyěwùmí kò sẹ́ pé obìnrin ni ìgbéyàwó máa ń sọ di ìyàwó, ṣùgbọ́n ó kọjá lórí rẹ̀ kíákíá. Bibi Bakare-Yusuf, nínú àtakò tí ó kọ ní 2003, ti tọ́ka sí àléébù yìí ní gbangba: pé gírámà kò dárúkọ akọ àti abo kò fi hàn pé ìgbésí ayé kò mọ̀ wọ́n. Ó tọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà kò dúró lórí ìpè.

Ẹnì kan wà tí kò yẹ kí á fò dá, òun ni Samuel Johnson, ẹni tó parí The History of the Yorubas ní 1897 kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Nígbà tí Johnson ń ṣàlàyé oríkì, ìyẹn orúkọ ìwúrí tí a ń sọ ọmọ, ó ya ti ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára ti obìnrin, ó ní ti ọkùnrin ń sọ nípa akin àti agbára, pé ti obìnrin jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tàbí ti ìyìn. Ó ṣeni ní kàyéfì pé gbólóhùn yìí, tí ó jẹ́ ẹ̀rí àtijọ́ lórí ọ̀ràn tó wà nílẹ̀, kì í sábà hàn nínú àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ òde òní. Ìdajì rẹ̀ tọ̀nà, ìdajì kò tọ̀nà. Àjàgbé àti Àjàní kì í ṣe ẹni tó jà. Ẹni tí a jà kí á tó gbé, tí a jà kí á tó ní, ni wọ́n, nítorí náà ọmọkùnrin náà kò ṣe akin kankan, àwọn mìíràn ni wọ́n ṣe é nítorí rẹ̀. Níbi tí Johnson ti rí òkodoro ni ìparí orúkọ. Àyìnlá àti Àyìndé jẹ́ ọkùnrin, Àyìnkẹ́ jẹ́ obìnrin. Àlàbí ọkùnrin, Àlàkẹ́ obìnrin. Àkànní ọkùnrin, Àkànkẹ́ obìnrin. Bí àti ní wà lọ́dọ̀ tọkùnrin tobìnrin, nítorí Àbẹ̀bí àti Àbẹ̀ní wà, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti rí ọkùnrin tí oríkì rẹ̀ parí sí kẹ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo yìí ni èdè náà fi sí ìkáwọ́ obìnrin, tàbí kí á sọ pé ó fi obìnrin sí ìkáwọ́ rẹ̀. Bóyá ìyàtọ̀ yìí pẹ́ tàbí tuntun ni jẹ́ ìbéèrè tó wuni láti tọ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò lè yanjú ọ̀ràn yìí, nítorí pé nínú ìpè, oríkì ní àbọ̀: ọkọ tó pe Àdùkẹ́ yóò gbọ́ Àkànní, kò sì sí ẹni tó jẹ gbèsè.

Ní Cuba àti Brazil, níbi tí ọ̀rọ̀ ìyàwó ti bá ẹ̀sìn òrìṣà kọjá òkun, kò mọ akọ mọ́ abo lóòótọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òrìṣà ní Cuba, ọkùnrin tàbí obìnrin, ń jẹ́ iyawó fún ọdún kan àti ọjọ́ méje nínú aṣọ funfun. Ti Brazil, iaô, di ebômi, ìyẹn ẹ̀gbọ́n mi, lẹ́yìn ètùtù ọdún keje. Ìyàwó ibẹ̀ jẹ́ àkókò tí ó ní òpin. J. Lorand Matory ti fi ìwé rẹ̀ ti 1994 jiyàn pé gígùn tí òrìṣà ń gun ènìyàn kò ya ara rẹ̀ kúrò lára àwòrán ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ yẹn sì gba ìwé tirẹ̀.

Ó kù sí gáréèjì, sí ẹnu ọ̀nà báńkì àti sí ọ́fíìsì. Níbẹ̀ ni kọ̀ndọ́kítọ̀, agbèrò, ọ̀gá tàbí ẹni tó ń ta fóònù ti ń pe ọmọbìnrin tí kò mọ̀ ní ìyàwó mi. Ẹni tó pè é kì í ṣe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀. Ó lè má tíì ní ilé ọkọ. Kò sí ẹni tó gba owó ibodè, kò sí ilé tí a ń wọ̀. Bí ọmọbìnrin náà bá mú awẹ́ kejì, tí ó ní "ọkọ mi", ó ti jẹ́ hẹ̀n-ín sí ohun tí wọn kò tíì bi í. Bí ó bá dákẹ́, wọ́n á ní ó ń ṣe ṣakará, èébú sì lè tẹ̀ lé e láàárín ìṣẹ́jú kan náà tí ìkẹ́ ṣẹlẹ̀. Bí ó bá bínú, wọ́n á ní eré ni. Àlàyé eré yìí ni ó fi hàn jù lọ pé ìpè náà kò lábọ̀, nítorí pé eré tí ẹnì kan ṣoṣo ń ṣe kì í ṣe eré.

Wọ́n lè tako èyí pé àwọn obìnrin ọjà náà ń pe ọkùnrin ní ọkọ mi kí wọ́n lè rajà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí a pè ní ọkọ mi lè rẹ́rìn-ín, ó lè dá a lóhùn, ó lè kọjá lọ láìra nǹkan, ohun tó sì burú jù tí yóò gbọ́ kò ju pé ahun ni lọ. Ìyá àgbà tó pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní ọkọ mi gbé e sókè. Bàbá àgbà tó pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ìyàwó mi mú un sọ́dọ̀. Nínú eré méjèèjì, ibì kan náà ni ọkọ jókòó sí.

Èyí tí kò sì rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti fi ipò àgbà nìkan ṣàlàyé ni ọmọbìnrin ilé kan náà, tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi "ọkọ mi, ẹ káàárọ̀" jí ní agogo mẹ́fà, tí ó sì di ìyàwó mi lẹ́nu kọ̀ndọ́kítọ̀ tí kò jù ú lọ lọ́jọ́ orí ní agogo méje. Ìdílé rẹ̀ kò yí padà láàárín wákàtí kan, ọjọ́ orí rẹ̀ kò dínkù, kò bá kọ̀ndọ́kítọ̀ náà tan, òun náà kò sì bá a tan. Ohun kan ṣoṣo tí ọkùnrin yẹn mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé obìnrin ni.