Bí Ilẹ̀ Ṣe Ń Ti Ẹsẹ̀ Padà
Bí ẹsẹ̀ bá tẹ ilẹ̀, ilẹ̀ a máa tì í padà. Báwo ni a ṣe lè mọ agbára yìí láti inú ìrìn nìkan? Ní 1891, ní Leipzig ní ilẹ̀ Jámánì, Wilhelm Braune àti Otto Fischer so iná tín-ín-rín mọ́ ara ọkùnrin kan, wọ́n sì ya àwòrán ìrìn rẹ̀ nínú òkùnkùn. Wọ́n ti gé òkú dídì ṣáájú, wọ́n sì wọn ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí kò dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n òun ni ìpìlẹ̀. Braune kú ní 1892. Fischer ló ń bá ìṣírò lọ títí di 1904: ìwúwo ẹ̀yà ara àti àyípadà ìyára wọn ni ó fi wá agbára ilẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń ṣe é kíákíá lónìí. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá jọ wà nílẹ̀, àròpọ̀ nìkan ni ìṣírò náà ń sọ. Ìpín ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tí dókítà tó ń tọ́jú orúnkún ń wá, àfojúbù ni.