Àṣìṣe kọ̀ǹpáílà nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ àjùmọ̀ṣe

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ àjùmọ̀ṣe ni kí kọ̀ǹpútà pín dátà sọ́nà púpọ̀, kí ó sì tò wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wọ inú èdè C++ ní ọdún 2017. Kọ̀ǹpáílà GCC 9, tí ó jáde ní ọdún 2019, gbé iṣẹ́ yìí lé láíbúrárì TBB ti Intel lọ́wọ́; nítorí náà, kóòdù tí kò lábùkù pàápàá lè mú àṣìṣe wá.

Bí kọ̀ǹpáílà kò bá rí àwọn fáìlì tbb/ rárá, a ó fi libtbb-dev sórí Ubuntu. Bí ó bá kọ "undefined reference to tbb", a ó fi -ltbb parí àṣẹ náà. Bí TBB bá wà, ṣùgbọ́n tí tbb::task nìkan kò sí, oneTBB ọdún 2021 ló yọ ọ́ kúrò. Kọ̀ǹpáílà tuntun ni ojútùú rẹ̀.