Trabant: Mọ́tò Jámánì tí ayé fi ṣe yẹ̀yẹ́

Bí a bá dárúkọ mọ́tò Jámánì, Mercedes àti BMW ni ọkàn àwọn èèyàn wa máa ń lọ sí. Ṣùgbọ́n Jámánì méjì ló wà láàárín ọdún 1949 sí 1990, àwọn mẹ̀kúnnù tó wà ní apá Ìlà-Oòrùn, lábẹ́ ìjọba Kọ́múníìsì, kò rí Mercedes wà. Trabant ni tiwọn. Ìlú Zwickau ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́dún 1957, ọdún tí ìjọba Soviet rán Sputnik lọ sí ojú ọ̀run. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni ẹni tó ń bá ni rìn.

Kò sí ẹ̀gàn tí wọn kò fi kan ọkọ̀ yìí. Wọ́n ní páálí ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Irọ́ ni. Páànù irin ló ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wọn nígbà náà, ni wọ́n bá po èérún òwú mọ́ kẹ́míkà, wọ́n sì fi ẹ̀rọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ títí tó fi le. Duroplast ni wọ́n ń pè é, kì í sì í dógùn-ún, àfi irin tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ti èéfín ni kò ṣeé gbèjà. Ọ́ìlì ni wọ́n ń pò mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe sí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a mọ̀ sí "I Better Pass My Neighbour". Agbára ẹṣin 26 péré ni P601, èyí tó jáde lọ́dún 1964, ní. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní aago epo. Ọ̀pá ni wọ́n ń kì bọ táǹkì láti mọ ohun tó kù.

Síbẹ̀, ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún un lè dúró ju ọdún mẹ́wàá lọ kó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, àlòkù sì máa ń wọ́n ju tuntun lọ. Lójú tiwa, ẹ̀bi yìí kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Zwickau. Wọ́n gbìyànjú láti ṣe èyí tó dára jù ú lọ láàárín ọdún 1960 sí 1979, àwọn aláṣẹ ni kò gbà.

Ohun tó yẹ ká yìn ni pé kò ní rédíétọ̀ tí omi lè hó nínú rẹ̀. Atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára, ohun tó sì lè bàjẹ́ níbẹ̀ kò pọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí onílé fi lè tún un ṣe fúnra rẹ̀ láìwá mẹkáníìkì. Èèyàn mẹ́rin pẹ̀lú ẹrù wọn ló ń gbà.

Nígbà tí Ògiri Berlin ṣí ní ọjọ́ 9, oṣù kọkànlá, ọdún 1989, Trabant ni ọ̀pọ̀ gbé kọjá. Kò pẹ́ tí wọ́n rí mọ́tò mìíràn ni wọ́n pa á tì sójú títì. Ọjọ́ 30, oṣù kẹrin, ọdún 1991 ni èyí tó kẹ́yìn jáde, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Lónìí, àwọn tó ń kó mọ́tò àtijọ́ jọ ń wá a, ó wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé August Horch ní Zwickau, àwọn àlejò sì ń sanwó láti wà á kiri ìgboro Berlin.