Claudia Jones: Obìnrin tí Amẹ́ríkà lé jáde, tó wá dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ ní Brixton

Tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ ní London, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti rí fọ́tò tó yà ní Notting Hill Carnival níparí oṣù Kẹjọ. Ọ̀pọ̀ tó ń jó níbẹ̀ ni ò mọ̀ pé oníwèé ìròyìn kan wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn. Claudia Jones lorúkọ ẹ̀.

Ọmọ ibo ni?

Wọ́n bí i ní Port of Spain, Trinidad, lọ́jọ́ 21 oṣù Kejì, ọdún 1915, nígbà tí erékùṣù náà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Cumberbatch ni orúkọ ìdílé ẹ̀. Ìgbà tó dàgbà ló yí i sí Jones. Lọ́dún 1924 ló bá àwọn òbí ẹ̀ ní Harlem, New York. Wọn ò rọ́wọ́ họrí. Ìyá ẹ̀ kú nígbà tó ṣì wà nílé ìwé, ikọ́ ẹ̀gbẹ sì kọ lù ú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 17. Àìsàn yẹn ò fi í lọ́rùn sílẹ̀ títí tó fi kú.

Bí Amẹ́ríkà ṣe lé e

Lẹ́yìn ilé ìwé, ó ṣiṣẹ́ nílé ìfọṣọ. Lọ́dún 1936, ó wọ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Kọ́múníìsì, ó sì di akọ̀ròyìn àti olóòtú. Ohun tó ń kọ ò yé ìjọba lára: owó iṣẹ́, ẹlẹ́yàmẹ̀yà, àti ìyà tó ń jẹ obìnrin dúdú ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó béèrè ìwé ọmọ onílùú, wọn ò fún un. Nígbà tó yá, wọ́n dá a lẹ́bi, ó sì lọ sẹ́wọ̀n lọ́dún 1955.

Bó ṣe jáde, ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, wọ́n lé e kúrò nílùú. Ìjọba amúnisìn ní Trinidad ò fẹ́ gbà á padà, torí wọ́n ń bẹ̀rù pé yóò dá wàhálà sílẹ̀. Bó ṣe di èrò Ìlú Ọba nìyẹn.

West Indian Gazette

Ní oṣù Kẹta 1958, ó dá West Indian Gazette sílẹ̀, lókè ṣọ́ọ̀bù kan ní Brixton. Ìròyìn Caribbean, Áfíríkà, Éṣíà àti ti àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà ní Britain ló wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú ìpolówó ọjà àwọn oníṣòwò àdúgbò. Amy Ashwood Garvey wà lára àwọn tó bá a ṣe é. Ká sọ òótọ́, owó kì í tó. Àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà náà tún kọ lẹ́tà ìhàlẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn.

Ìwé ìròyìn náà ò tíì pé ọdún kan tí àwọn ọ̀dọ́ funfun fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lu àwọn aláwọ̀ dúdú ní Notting Hill, ní oṣù Kẹjọ 1958. Claudia àti àwọn èèyàn ẹ̀ ní àfi káwọn ṣe ayẹyẹ bíi ti Trinidad. Òtútù ò jẹ́ kí wọ́n ṣe é níta. Inú gbọ̀ngán St Pancras Town Hall ni wọ́n ti ṣe é, lọ́jọ́ 30 oṣù Kìíní 1959, BBC sì gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní apá kan owó ìwé ètò tí wọ́n tà yóò lọ fún sísan owó ìtanràn àwọn ọ̀dọ́ tí ọ̀rọ̀ ìjà yẹn kàn.

Lọ́dún 1966 ni ti ojú títì ní Notting Hill bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ àwọn mìíràn ló sì ti wá. Síbẹ̀, ìyá Carnival ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe Claudia.

Ìgbẹ̀yìn ẹ̀

Òun ò rí ọdún 1966. Ní oṣù Kejìlá 1964, nígbà Kérésìmesì, àìsàn ọkàn pa á ní London, lọ́mọ ọdún 49. Inú itẹ́ òkú Highgate ni wọ́n sin ín sí, lápá òsì Karl Marx. Láàárín oṣù díẹ̀, ìwé ìròyìn náà kógbá sílé, torí kò sẹ́ni tó lè gbé ẹrù tí òun nìkan ń gbé.

Lọ́dún 2008, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Britain gbé àwòrán ẹ̀ sórí sítáǹpù. Obìnrin tí ìlú méjì kọ̀, ìlú kẹta ló ń fi ojú ẹ̀ ránṣẹ́ káàkiri.