Ìwé Orí Kọ̀ǹpútà àti Ọ̀rọ̀ Àmì Ohùn

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje, ọdún 1971, Michael Hart, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Illinois ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, jókòó ti kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ náà, ó sì tẹ Ìkéde Òmìnira Amẹ́ríkà sínú rẹ̀. Lẹ́tà ńlá nìkan ni ó fi tẹ̀ ẹ́, nítorí pé kò sí lẹ́tà kékeré lórí ẹ̀rọ náà. Ó fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tí kọ̀ǹpútà wọn so mọ́ ti ilé-ẹ̀kọ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n kìlọ̀ fún un pé yóò pọ̀ jù fún ẹ̀rọ. Ó wá kéde ibi tí ìwé náà wà. Ènìyàn mẹ́fà péré ni ó lọ mú un. Ọ̀pọ̀ ni ó gbà pé ìwé orí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ nìyẹn. Hart fi orúkọ Gutenberg, ará Jámánì tí ó tẹ Bíbélì ní nǹkan bí ọdún 1455, sọ iṣẹ́ náà, kò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 2011.

Ẹnìkan ṣoṣo ni ó dá iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀. Kí Henry Townsend tó lè gbé Ìwé Ìròhìn jáde ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, ó di dandan kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti òkè òkun dé, kí lẹ́tà onírin wà, kí àwọn ọ̀dọ́ sì kọ́ bí a ti í tò wọ́n. Nígbà tí wọ́n lé àwọn òyìnbó oníwàásù kúrò ní ìlú náà ní ọdún 1867, tí wọ́n ba ẹ̀rọ náà jẹ́, ìwé ìròhìn náà kú pẹ̀lú rẹ̀. Ìwé Hart kò ní irú ewu bẹ́ẹ̀: ẹni tí ó bá ti dà á kọ ti ní odidi rẹ̀.

Àmọ́ ìwé Townsend ní ohun kan tí ẹ̀rọ Hart kò ní, èyíinì ni lẹ́tà Yorùbá. ASCII, ìlànà lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà Amẹ́ríkà ń lò, jáde ní ọdún 1963, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì rò tí wọ́n fi ṣe é. Ààyè 128 péré ni ó wà nínú rẹ̀. Kò sí ti ẹ, ọ tàbí ṣ, kò sì sí bí àmì ohùn ṣe lè gun orí lẹ́tà. Àwọn kan tí ó fẹ́ tẹ Yorùbá pa àmì tì, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń ro ilẹ̀, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ àti ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun, gbogbo wọn di oko tí àgbẹ̀ ń lọ. Àwọn mìíràn yọ àmì kan tí Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà lò, wọ́n gbé ẹ tàbí ọ sí ààyè rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà tiwọn, ó dára; lórí ti ẹlòmíràn, wúruwùru ni.

Unicode, tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1991, ni ó tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1993, ẹ, ọ àti ṣ ti ní ààyè tiwọn. Síbẹ̀, é ní ààyè tirẹ̀, ẹ́ kò ní: ẹ ni a ó kọ́kọ́ tẹ̀, kí àmì ohùn tó tẹ̀ lé e, kí ẹ̀rọ sì gbé ọ̀kan lé orí èkejì. Níbi tí oríṣi lẹ́tà kò bá ti mọ iṣẹ́ rẹ̀, àmì náà a yà sí ẹ̀gbẹ́ bí fìlà tí kò bá orí mu.

Ní ọdún 2007 ni wọ́n fọwọ́ sí EPUB, ọ̀nà ìdìwé tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lè kà. Bí ẹrù tí a dì pọ̀ ni: àwọn orí ìwé wà nínú rẹ̀, fáìlì kan ń sọ bí wọn yóò ṣe tẹ̀ lé ara wọn, òmíràn ń sọ bí ojú ewé yóò ṣe rí, oríṣi lẹ́tà pàápàá lè wà níbẹ̀. Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí ni ó ṣe pàtàkì jù fún Yorùbá, nítorí pé ìwé náà lè gbé lẹ́tà tirẹ̀ lọ sórí ẹ̀rọ tí kò ní in.

Calibre ti ọdún 2006 àti Sigil ti ọdún 2009, tí wọ́n jẹ́ ọ̀fẹ́, mú kí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe ìwé nínú iyàrá rẹ̀. Ọwọ́ tí ó ti mọ ẹ̀rọ táípù ni ó sábà máa ń da ọ̀gbẹ̀rì láàmú. Yóò fi àlàfo márùn-ún ti ìpínrọ̀ wọlé, yóò sọ̀kalẹ̀ nígbà ogún kí ojú ewé tuntun lè bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ojú ewé EPUB kì í dúró sójú kan. Bí ojú ẹ̀rọ bá ti tó ni ó ń fẹ̀, tí ó ń fún. Lórí tẹlifóònù, ìsọ̀kalẹ̀ ogún yẹn a di ihò ńlá láàrin ìtàn. Kí ó fi han ẹ̀rọ pé ọ̀rọ̀ kan jẹ́ àkọlé orí ìwé ni ó tọ́. Ẹ̀rọ lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ojú ewé tuntun, kí ó sì to àkóónú ìwé sílẹ̀. Kí ó tó fi ìwé náà ránṣẹ́, kí ó ṣí i lórí tẹlifóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ó wá ọ̀rọ̀ bí ọ̀kọ̀ níbẹ̀, kí ó wò ó bóyá àmì ohùn wà lórí, tí àmì ìsàlẹ̀ sì wà ní ìsàlẹ̀.