Ọ̀nà Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà: Títì tí Ẹrù Wa ń Gbà Wọjà

Wọ́n ní ká kọ ìtàn sínú ìwé ọdún yìí. A rò ó títí, a ní ọ̀nà tí à ń ná lójoojúmọ́ ni ká sọ̀rọ̀ lé.

Ọ̀nà náà ò gùn, kò tó ogún kìlómítà. Téèyàn bá kúrò ní Ìkàrẹ́, á dé Àkùngbá. Oríta wà níbẹ̀: ẹni tó lọ tààrà ń lọ Ọ̀bà àti Ọ̀wọ̀, ẹni tó yà sápá òsì ń lọ Ọ̀kà. Láti Ọ̀kà, títì tún gba Ìsùà kọjá lọ sí Ibillo ní ìpínlẹ̀ Ẹdó.

Àwọn baba ńlá wa ò gbé etí ọ̀nà. Orí òkè ni wọ́n sá lọ nítorí ogun Tápà. Ọdún 1897 ni ilé-iṣẹ́ òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà, ìgbà yẹn lọkàn èèyàn tó balẹ̀ láti máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo Ọ̀kà lónìí, ilé ṣì wà lórí òkè lọ́hùn-ún! Kí ọkọ̀ tó dé, orí àwọn ìyá wa ni lọ́rì. Wọ́n á ru iṣu àti epo, wọ́n á tún pọnmọ sẹ́yìn, òkúta á máa gún wọn lẹ́sẹ̀.

Yunifásítì ló wá yí ọ̀nà yìí padà. Ní Adó-Èkìtì ló wà láti 1982. Nígbà tí Èkìtì di ìpínlẹ̀ tirẹ̀ ní 1996, Oǹdó ò ní yunifásítì tirẹ̀ mọ́, ni wọ́n bá gbé e wá sí Àkùngbá ní 1999. Orúkọ Adékúnlé Ajáṣin ló ń jẹ́ báyìí. Akẹ́kọ̀ọ́ dé, ṣọ́ọ̀bù kún apá méjèèjì títì, ọjà tà. Ká má purọ́, a jẹun níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà lọkọ̀ àjàgbé ń gbà bọ̀ láti ìhà Kogí. Lọ́jọ́ Sátidé, 23 oṣù kìn-ín-ní 2021, ọkọ̀ tó ru sìmẹ́ǹtì já wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Ó pa èèyàn, akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú wọn. A ò lè kọ ìtàn títì yìí ká fo ọjọ́ yẹn.

Lẹ́yìn rẹ̀ la sọ ọ́ nípàdé pé kí ọmọ ẹgbẹ́ tó ń pàtẹ ní Àkùngbá sún sẹ́yìn. Ariwo sọ! Àwọn kan ní oníbàárà ò ní rí wọn, wọn ò sì parọ́. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà sún àtẹ rẹ̀ wọ ẹ̀yìn ilé, ọjà rẹ̀ dín kù lóṣù méjì àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ yá a lówó láìgba èlé, ó fi ra agboòrùn pupa ńlá kan. Ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀ á ti máa rí i láti òkèèrè.